Ọkùnrin Tó Ń Ṣọ́ Ooru Lò

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé ní ìlú òtútù lókè òkun. Ìdí ààrò ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí ìyá ọkùnrin yìí kú nílé, ó rí i pé ó ti wá ku bàbá òun nìkan sínú ilé ńlá, ó bá lọ mú un wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá náà ní agbègbè Ìlá. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi sá kòkó sóòrùn.

Ọdún kejì tí bàbá dé ni gáàsì gbówó lórí. Gáàsì yìí ni wọ́n fi ń tan hítà tó ń mú ilé móoru níbẹ̀. Láìsí i, ènìyàn lè gan sínú yàrá ara rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà rí iye tí wọ́n ní kó san lóṣù kan, àyà rẹ̀ já. Ó jókòó, ó ro ó.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Ó fi aṣọ dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ta kọ́tìnnì tó nípọn sójú fèrèsé. Ó pa hítà yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Ó ra súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn fún gbogbo ilé. Gbogbo èyí dára, owó gáàsì sì wálẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó o mọ́. Ó ṣètò hítà kó máa tàn fún wákàtí kan láàárọ̀, kí òun àti ìyàwó òun tó jáde, kó sì tún máa tàn nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń bọ̀. Láàárín méjèèjì, kò gbọ́dọ̀ tàn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá ńkọ́? Àwọn ló máa ń wà nílé látàárọ̀ o."

Ó ní, "Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

Lóòótọ́ ló bi bàbá. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ooru ààrò ṣì wà lára rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé òtútù ò mú yín?" Bàbá ní, "Rárá, Àdìgún. Ara mi le." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tó yá, ó jẹ́rìí nínú ìjọ wa. Ó dìde, ó ṣàlàyé bí òun ṣe dín ìnáwó ooru kù, àwọn ènìyàn sì yìn ín. Àwọn kan mú bírò jáde, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, èmi náà pàtẹ́wọ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì móoru lọ́jọ́ náà, gbogbo wa ti bọ́ ẹ̀wù òtútù wa. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò bọ́ tirẹ̀. Mo rí i, mi ò sì bi í.

Ní ìlú náà, ẹni tó bá ti darúgbó kì í sanwó bọ́ọ̀sì. Bàbá yìí sì fẹ́ràn bọ́ọ̀sì. Tí ọmọ rẹ̀ bá bi í ohun tó ṣe látàárọ̀, á ní òun lọ wo ìlú. Inú ọmọ a máa dùn. Ó ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé, "Bàbá mi ti mọ ìlú yìí jù mí lọ."

Lọ́jọ́ kan, ààrò bàjẹ́ níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé lọ́sàn-án. Yìnyín ń bọ́. Ọkùnrin náà wọ bọ́ọ̀sì, ó sì rí bàbá rẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ti ń jáde. Bàbá ń sùn. Orí rẹ̀ fara ti gíláàsì. Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ lọ jí i.

Awakọ̀ pè é. "Ṣé o mọ bàbá yẹn?"

"Bàbá mi ni."

Awakọ̀ ní, "Láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wọ ọkọ̀ mi láàárọ̀. A ó lọ, a ó bọ̀, kì í sọ̀kalẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, pé inú ọkọ̀ mi móoru ni."

Ọkùnrin náà kò jí bàbá rẹ̀ mọ́. Ó jókòó tì í, wọ́n sì jọ lọ dé ìparí ọ̀nà, wọ́n jọ padà.

Nígbà tí wọ́n délé, ó wọ yàrá bàbá. Ó fọwọ́ kan ibùsùn, ó tutù bí omi àmù. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wà níbẹ̀, àti ìró ìyá rẹ̀ tó kú, tí bàbá fi ń bo ẹsẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò tan hítà?"

Bàbá ní, "O ò fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo rò pé o ò fẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ni."

"Ṣùgbọ́n mo bi yín. Ẹ ní ara yín le."

"Ojú rẹ ni mo wò, Àdìgún. Nígbà tí o bi mí, mo rí èsì tí o ń fẹ́."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kó dìde, pé òun kò bínú, òun mọ̀ pé gáàsì wọ́n. Láti ọjọ́ náà, hítà kò kú mọ́ nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá ní kí wọ́n bá òun ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun fẹ́ lọ sílé. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ó sunkún. A kó ara wa jọ, àwa àgbà ìjọ, a lọ bẹ̀ ẹ́.

Bàbá ní, "Ẹ ṣé o. Ilé ọmọ mi dára. Àmọ́ ní Ìlá, tí ọyẹ́ bá mú mi, igi mi ni n ó fà yọ, n ó dáná. N kò ní máa wo ojú ẹnikẹ́ni."

Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó lọ. Ọdún kejì ló kú. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ sìnkú, àwọn ẹbí ń kí i, wọ́n ń súre fún un. Wọ́n ní bàbá kò fìgbà kan ròyìn ju pé ọmọ òun tọ́jú òun lókè òkun lọ. Ó sọ fún mi pé àdúrà wọn dùn òun ju èébú lọ. Títí di òní, yàrá tí bàbá ń sùn sí móoru tọ̀sán tòru. Ó mọ̀ pé ìnákúnàá ni, kò kàn lè pa hítà náà ni.

Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? O wá bá mi lánàá. O ní o ti ń pa hítà lọ́sàn-án, àna rẹ obìnrin tó wá bá yín tọ́jú ọmọ kò sì ráhùn. Àìráhùn yẹn ló dẹ́rù bà mí. Máa ṣọ́ owó rẹ ná, mi ò ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó yọ ohunkóhun kúrò nínú ilé rẹ, kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́ pé ara rẹ̀ lo ti ń yọ ọ́. Má kàn bi í lẹ́nu ọ̀nà. Àlejò kì í rojọ́ onílé sí onílé létí. Wọlé, bọ́ ẹ̀wù rẹ, kí o jókòó níbi tí ó máa ń jókòó, kí o pẹ́ níbẹ̀. Má dúró gbọ́ àdúrà òpin ìsìn òní. Máa lọ sílé báyìí, ọ̀sán ò tíì pọ́n.