Ọ̀yà àti Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Kì í Hù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta kọ́ṣọ́, ó fò gba orí igi, ó bà lé Ọ̀yà eléyín gígùn, tó ti etíkun dé pẹ̀lú fìlà kan àti ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ sún mọ́ Ìyá Àgbà yín. Bí mo bá dá orin, ẹ ó máa gbè é pé, "Sọ́rì kì í hù." Ẹ dán an wò.

Sọ́rì kì í hù!

Fádérera kò la ẹnu. Òun ló fọ́ àmù mi láàárọ̀, tí omi inú rẹ̀ dànù, tó sọ pé "Sọ́rì, Ìyá Àgbà," tó sì sá lọ ṣeré. Ó dáa, yóò la ẹnu bó bá yá.

Ní ìlú àwọn ẹranko, àṣà kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkejì yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká láàárọ̀, yóò lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ka ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kò gbọdọ̀ nà ró títí onítọ̀hún yóò fi sọ fún un pé, "Dìde, ó tó."

Ọ̀yà kórìíra àṣà yìí. Ẹ̀yìn ń dun ọ̀lẹ. Ó wá gba etíkun lọ, ó lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Níbẹ̀ ló ti rí òyìnbó kan tó tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Òyìnbó ní, "Sọ́rì," ó kọjá lọ. Ẹni tó tẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ọkọ́, kò sí ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀yà ní oògùn tí òun ń wá nìyí. Ó ra fìlà lé e, ó padà sílé.

Ọjọ́ tó dé gan-an ló da ẹmu Ẹfọ̀n, baálẹ̀ ìlú, nù. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Sọ́rì." Ẹfọ̀n béèrè ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀yà ní òyìnbó ni, pé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ, ẹjọ́ rẹ̀ ti tán. Ẹfọ̀n, tí ìwo rẹ̀ tóbi ju làákàyè rẹ̀ lọ, mirí. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé baálẹ̀ ò gbọ́ òyìnbó. Láti ọjọ́ náà, bó bá sín, sọ́rì. Bó bá yán, sọ́rì. Gbogbo ìlú gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n sọ ọkọ́ sí àjà. Òmùgọ̀ kì í dá rìn.

Ìyá Ẹtu ń bẹ nílùú náà. Opó ni, ọmọ méjì ló ń tọ́. Ó to ogójì èbù iṣu sábẹ́ ibòji, ó ń dúró de òjò kẹta kó tó gbìn wọ́n. Èbù yẹn ni oúnjẹ wọn fún ọdún tó ń bọ̀. Kò ní òmíràn.

Òjò kejì rọ̀ tán, Ìyá Ẹtu lọ pọn omi. Nígbà tó dé, ó bá Ọ̀yà níbi èbù, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mù wọ̀mù, ikùn rẹ̀ ti rí rogodo. Ẹyọ kan ló kù, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà.

"Ọ̀yà, kí lò ń jẹ?"

"Ìyá Ẹtu, ẹ káàbọ̀ láti odò."

"Mo ní kí lò ń jẹ?"

Ọ̀yà gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó nu ẹnu. Ó ṣí fìlà.

"Sọ́rì."

Ó sì mú ẹyọ kan tó kù dání lọ.

Ìyá Ẹtu gbé ẹjọ́ dé iwájú Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n bi í bóyá Ọ̀yà sọ sọ́rì. Ó ní ó sọ ọ́. Ẹfọ̀n ní kí ló wá kù. Ìyá Ẹtu kò bá a jiyàn. Ó kọjú sí àwọn ará ìlú, ó dá orin:

Mo gbin iṣu, iṣu hù,
Sọ́rì kì í hù.
Mo gbin àgbàdo, àgbàdo hù,
Sọ́rì kì í hù.
Èbù mi wà nínú Ọ̀yà,
Sọ́rì kì í hù.
Kí lọmọ mi yóò jẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn?
Sọ́rì kì í hù.

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀yà ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní ará oko ò mọ iyì ọ̀rọ̀.

Ayékòótọ́ wà lórí ẹ̀ka lókè wọn. Ọdún méje ló lò nínú àgò ní ilé àlùfáà òyìnbó kan kó tó sá wálé. Kò sọ òyìnbó rí nílùú, nítorí kò sẹ́ni tó bi í.

"Ọ̀yà," ló pè é, "ọ̀rọ̀ tó o mú bọ̀ yẹn, níbo ló ti wá?"

"Etíkun."

"Ibẹ̀ lo ti gbé e. Mo ní níbo ló ti wá?"

Ọ̀yà wo inú fìlà rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí àlùfáà ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀," ni Ayékòótọ́ wí. "Ó ní ara egbò ni àwọn baba ńlá wọn ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sọ ọ́ ń sọ pé inú òun ń ta òun bí ojú egbò. Nígbà tó yá ni wọ́n ń fi í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ kọjá. Wọ́n jẹ iṣu, wọ́n sọ èèpo nù. Èèpo lo ṣà bọ̀, lo fi ń yangàn."

"Ó dáa," ni Ìyá Ẹtu wí. "Ọ̀yà, níbo ló ti ń ta ọ́?"

Ọ̀yà fọwọ́ pa ikùn. Ikùn kò ta á, ó yó. Ó fún ojú pọ̀ bí ẹni fẹ́ sunkún. Ló bá gùfẹ̀, gbẹ̀ẹ̀ẹ̀. Òórùn èbù tútù gba gbogbo àgbàlá.

Ẹfọ̀n ya ẹnu, ó fẹ́ sọ sọ́…, ó gbé e mì. Ó ní kí Ọ̀yà lọ gbé ọkọ́. Ó ní kí gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín mú èbù méjì méjì wá fún Ìyá Ẹtu. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá. Ogójì pé, ó lé.

Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ebè kan, ó kọ méjì, ó kọ mẹ́ta. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Fìrì! Ó ti wọ inú koríko. Ìlú dá orin tẹ̀ lé e:

Ọ̀yà sá, ó fi fìlà sílẹ̀,
Sọ́rì kì í hù.
Ebè mẹ́ta ló fi sẹ́yìn,
Sọ́rì kì í hù.
Ẹ bá wa gbin èbù Ìyá Ẹtu,
Sọ́rì kì í hù.

Fádérera, mo gbọ́ ohùn rẹ báyìí.

Àwọn ará ìlú kọ ebè tó kù. Òjò kẹta bá èbù nínú ilẹ̀, ó hù, ó ta, àwọn ọmọ Ìyá Ẹtu sì jẹ ẹ́ yó. Ṣùgbọ́n títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún Ọ̀yà pé, "Dìde, ó tó." Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kiri nínú koríko, tí àyà rẹ̀ ń já bí ewé bá mì.

Ibí ni àlọ́ mi ti sọ ọkọ́ kalẹ̀. Bí mo bá purọ́ kún un, kí èbù tí mo bá gbìn lọ́dún yìí má hù. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó bá ṣẹ ọmọ ẹnìkejì kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu rọ́pò àtúnṣe, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó, ìbáà jẹ́ tiwa. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ta ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́, gùfẹ̀ ni.

Fádérera, garawa lò ń wá yẹn? Jókòó, ọmọ mi. Odò kò níí sá lọ kó tó di àárọ̀.