Ọ̀kẹ́rẹ́ Ń Wá Ọ̀dàlẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo wa tán ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí. Ó yọ́ rìn, ó yọ́ rìn, ó já lu Ọ̀kẹ́rẹ́, olóòtú ìwé ìròyìn tó ń tú àṣírí àwọn gbajúmọ̀ ẹranko. Kó tó tẹ ìròyìn kankan, á kọ́kọ́ dúró lójú fèrèsé, á kà á sókè, nítorí ohùn ara rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn.

Ó gbọ́ pé Ọ̀kín yá ìrù ni. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ìròyìn náà ti jáde nínú ìwé ìròyìn Alángbá, ẹni tí wọ́n jọ ń díje.

Ọ̀kẹ́rẹ́ pe àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ: “Ọ̀dàlẹ̀ wà nílé yìí! Ewúrẹ́, ẹnu rẹ kì í sinmi. Máa lọ!”

Ó gbọ́ pé eyín Kìnnìún kì í ṣe tirẹ̀. Alángbá tún ṣáájú rẹ̀. Ó lé Pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ bá mi gbè é:
Ta ló tú wa fó o?
Ẹ wò ó dáadáa!

Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó yíjú sí Ìgbín. “Kí lo kó pamọ́ sínú ìkarahun yẹn?”

“Ọ̀gá, èmi nìkan ni.”

“O dákẹ́ jù. Jáde!”

Ó ku òun nìkan. Ó kọ ìròyìn tó ṣẹ́kù, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń kà á. Ohùn kan dáhùn lára ògiri níta:

“Ẹ rọra kà á, ọ̀gá. Ìlà kejì ti fò mí.”

Alángbá ni, ó ń kọ ọ́, ó ń mi orí.

Òǹkọ̀wé mẹ́ta ló sọnù, àti ìwé ìròyìn Ọ̀kẹ́rẹ́.