Òkò Òkété

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò kọjá odò, ó bà sí oko Òkété.

Ọkà bàbà Òkété ń gbó lọ, gbogbo ẹyẹ tó bá sì rí ló ń sọ lókò. Lékèélékèé wá bá a.

"Bàbá, atẹ́gùn ti yí padà, eéṣú lè dé. Ẹ má lé wa o, eéṣú là ń jẹ, a kì í jẹ ọkà."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Olè aláṣọ funfun!" Ó sọ òkò.

Lékèélékèé padà wá, ó ní ẹyin eéṣú ti ń pa nínú iyanrìn etí odò. Òkété tún sọ òkò.

Ìgbà kẹta, òun àti ọkọ rẹ̀ ló wá. Ẹ bá mi gbè é:

Wọ́n ti hu ìyẹ́ létí odò,
Eéṣú ń bọ̀!
Ẹ ju òkò nù, bàbá,
Eéṣú ń bọ̀!

Òkété tún sọ òkò. Òkò yẹn pa ọkọ Lékèélékèé.

Lọ́jọ́ kejì, eéṣú bo ojú ọ̀run. Òkété figbe ta. Lékèélékèé kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n tò káàkiri oko, wọ́n ń jẹ eéṣú títí ilẹ̀ fi ṣú. Igun kan péré ni eéṣú jẹ run.

Òkété ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dúró níbẹ̀?"

"Àyè ọkọ mi nìyẹn, bàbá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ mi dúró sí igun yẹn.