Ewé Àyìnkẹ́

Bí ẹ bá dé Ìdí-Àpáta, tí ẹ rí ìyá tó ń fi ṣíbí lé ọmọ ọdún mẹ́wàá kiri àgbàlá, àgbà kan kò ní ṣàì dá a dúró: "Ebi kọ́ ló pa ewé Àyìnkẹ́ o." Àlejò á yanu. Ṣé ewé a máa jẹun ni? Èyí ń jẹun. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ewé kan ń hù lórí àpáta wa nígbà kan, níbi tí omi ti ń sun. Ó kéré, ó pupa, omi tó wà lórí irun ara rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Eṣinṣin tó bá bà lé e ti di oúnjẹ rẹ̀. Apẹṣinṣin la ń pè é. Ọdẹ́jìnmí, ọkọ Àyìnkẹ́, ló bu ọ̀kan wálé sínú àpáàdì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fọ́ àpáta náà láti fi ṣe ọ̀nà ọkọ̀. Ti inú àpáàdì nìkan ló kù, òun náà sì ti ń gbó.

Ẹ̀rù ba Àyìnkẹ́. Ó sáré lọ bá Ìyá Láńpejú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Já ewé rẹ̀, kí o tẹ́ ẹ sórí yanrìn tútù," ni ìyá náà wí. "Omi òjò nìkan ni kí o máa bù sí i, kí o jẹ́ kó máa yá oòrùn. Yóò yọ ọmọ fúnra rẹ̀."

"Kí ni n ó máa fún un jẹ, ọkọ mi?"

"Ìyàwó, má fún un ní nǹkan kan."

Ewé mẹ́rin ni wọ́n já. Ìyá Láńpejú mú ọ̀kan lọ sílé rẹ̀, Àyìnkẹ́ tẹ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹwàá pé, kò sí nǹkan. Nígbà tó fi máa di ogúnjọ́, ewé ti ń dúdú létí. Bí Àyìnkẹ́ bá ń gún iyán lọ́wọ́, á sọ ọmọ odó kalẹ̀, á lọ bẹ̀ wọ́n wò. Àyà rẹ̀ ń já ṣáá: ohun kan ṣoṣo tí ọkọ òun fọwọ́ gbìn, ṣé ọwọ́ òun ni yóò parun sí? Ó wá rò ó pé ewé tó dùbúlẹ̀, tó fẹ́ yọ ọmọ, abiyamọ ni. Ta ló ń febi pa abiyamọ? Ní Ìdí-Àpáta, ọbẹ̀ ẹja ló ń kọ́kọ́ dé iwájú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àyìnkẹ́ se ẹja, ó jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù, ó fìka kán an sára àwọn ewé náà. Kò gbàgbé ìyá wọn nínú àpáàdì.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, òórùn burúkú gba ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn ti bu, àtìyá àtọmọ. Ó fọwọ́ kan ti inú àpáàdì, ó já sí i lọ́wọ́.

Ó sunkún dé ilé Ìyá Láńpejú. Ìyá náà kò bá a wí. Ó mú un lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí òjò ti ń ro láti orí òrùlé. Nínú àwo fífọ́ kan, lórí yanrìn lásán, ewé kẹrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta tín-tìn-tín ti yọ lára rẹ̀.

"Kí lẹ ṣe fún un, ọkọ mi?"

"Òjò rọ̀. Èmi lọ sóko."

Ìyá náà gbé àwo lé e lọ́wọ́. Àyìnkẹ́ wò ó títí, ó sì dá a padà.

"Ẹ bá mi fi í síbí. Mo mọ ọwọ́ mi."

Ojoojúmọ́ ló ń wá wò ó, tòun ti ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn. Nítorí náà, ìyá oníṣíbí, jẹ́ kọ́mọ sinmi. Ebi kọ́ ló pa ewé Àyìnkẹ́.