Àpótí Ìjókòó Àwẹ̀ró

Mojírọ́lá àti àbúrò rẹ̀, Ìbídùn, kò ní ohun tí wọ́n fi ń rántí Àwẹ̀ró, ìyá wọn, ju ebè tòmátì rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni ebè náà wà, ní Àgọ́-Ìrókò. Nígbà ayé Àwẹ̀ró, tòmátì ibẹ̀ dùn débi pé àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ bí ọsàn, omi rẹ̀ a sì máa kán sí wọn láyà. Láti ìgbà tó ti kú, bàbá wọn kò jẹun yó mọ́. Ó ti rù débi pé okùn ṣòkòtò rẹ̀ ń gùn sílẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

Àwọn ọmọ méjèèjì fẹ́ kí ó tún tọ́ tòmátì náà wò. Olúkúlùkù gbà pé ebè yẹn ló ń mú un dùn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí Mojírọ́lá bá gbin mẹ́wàá, Ìbídùn á ki mẹ́wàá bọ àárín wọn.

"Ìbídùn, ṣé orí mi lo fẹ́ gbìn ín sí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin nìkan ni Ìyá bí ni?"

Ewé wọnú ewé. Nígbà tí wọ́n so, èso wọn kéré, ó sì kan. Bàbá tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò, ó rọra gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bí ìyá yín bá ń tu koríko, àárín ẹsẹ̀ tòmátì kan àti èkejì ló ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí," ló wí. "Níbo ni àpótí máa gbà nínú èyí tí ẹ gbìn yìí?"

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dán an wò. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n àyè àárín tòmátì ní apá kan ebè, wọ́n fi àpótí díwọ̀n ti apá kejì. Nígbà tó pọ́n, Bàbá jẹ ọ̀kan nínú ti àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó bu ti àpótí jẹ, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kò sì nù ún.

"Àwẹ̀ró," ló pè jẹ́jẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé iyán wá.

Ṣùgbọ́n bí a bá fi àpótí díwọ̀n gbogbo ebè náà, ẹsẹ̀ tòmátì mẹ́jọ péré ló gbà.

"Èmi ni àgbà, èmi ni mo ni ebè yìí," Mojírọ́lá wí. Ìbídùn di àpótí mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bàbá fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sókè. Ọ̀wọ́ lékèélékèé ń kọjá lọ.

"Ẹ wò wọ́n. Èwo ló ń fi ìyẹ́ gbá èkejì? Ṣé ẹ̀yìn balùwẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ wà ni?"

Ìbídùn dìde. Ó gbé àpótí, ó sì ń fi í díwọ̀n ilẹ̀ lọ sí ìdí ògiri ilé ní òdì kejì. Mojírọ́lá mú ọkọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí tòmátì ibẹ̀ pọ́n, Bàbá kò mọ èyí tó wá láti ẹ̀yìn balùwẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń sọ fún ẹni tó bá ń du àyè mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ pé: ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.