Ìdí Tí Ilé Àjíyí Fi Ká Sínú Òkúta

Nígbà láéláé, nígbà tí òkúta ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ̀dá kan wà nínú òkun tó ń jẹ́ Àjíyí. Ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ojú rẹ̀ tóbi, ó sì gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ kò ká o! Ó gùn tọọrọ bí ọ̀pá.

Ọdọọdún ni ìdílé wọn máa ń fi ẹfun kọ́ yàrá kan mọ́ ilé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ògiri lè le. Bí yàrá bá pé méje, wọn á máa pè é ní Onílé. Àjíyí ti ń lálàá oyè yìí láti kékeré.

Ó kọ́ ìkeje. Ìyá rẹ̀ ní, "Àjíyí, mo mọ̀ pé ìdí ẹ kì í gbé ojú kan. Ọjọ́ mẹ́ta péré o!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Mi ò ní mira."

Háà! Ní ọjọ́ kejì, Akàn ń kọjá lọ síbi ìdíje pípòòyì.

"Àjíyí, ṣé o ò wá ni?"

"Mò ń jókòó."

"Ó dáa. Ẹja ló máa borí nìyẹn."

"Ẹja wo? Ẹja tí kì í yí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó máa bì?" Àjíyí ti dìde. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá yí!"

Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn! Ó yí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó ń rẹ́rìn-ín kèé kèé, Akàn ń pàtẹ́wọ́. Ni yàrá tútù bá bá a ká. Ìkeje fa ìkẹfà, ìkẹfà fa ìkarùn-ún, títí gbogbo ilé fi ká róbótó bí òṣùká! Òòyì kọ́ Àjíyí, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, gbì!

"Yéè! Ilé mi!" Ó fà á, fà á, kò nà. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ìyá rẹ̀ sáré dé. Ó wo ilé náà yípo, ẹ̀rín pa á. "Ó mà rẹwà o! Àmọ́ ògiri ò tíì le. Tún jókòó."

"Ṣé wọ́n á ṣì pè mí ní Onílé?"

"Bí o bá lè jókòó."

Lọ́tẹ̀ yìí, Àjíyí jókòó! Òkun fà sẹ́yìn, Àjíyí kò mira. Ẹrẹ̀ tó yí i ká gbẹ, ó di òkúta, Àjíyí kò mira.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ń fọ́ òkúta ti ń bá ilé róbótó pàdé nínú rẹ̀, tó ká bí òṣùká. Bí ìwọ náà bá rí i, má wulẹ̀ kọjá lọ. Kí i dáadáa: "Onílé, ẹ kú ìjókòó o!"