Bí Kàkàkí Ṣe Tẹ̀lé Balógun Olúgbódi dé Bodè Ẹ̀yìn

Ogun Òfìrí ti dó ti Òkè-Ìrókò títí oúnjẹ fi tán nínú ìlú. Odò wà lọ́wọ́ ọ̀tá, ewé igbó sì ni àwọn ìyá ń sè fún ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ ni ohùn kàkàkí tí ń dún láti orí odi. Oríkì Balógun Olúgbódi ni wọ́n ń fi í kì, òfin ilẹ̀ náà sì ni pé ibi tí Balógun bá wà nìkan ni a gbọ́dọ̀ ti fun ún. Ọ̀tá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ará ilé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun ìríra ni bí ìlú yìí ṣe ń lo àwọn tí ń fun ún. Iwájú ogun ni wọ́n ń tò wọ́n sí, láìní idà, láìní asà. Síbẹ̀ wọn kò kà wọ́n mọ́ jagunjagun. Bí wọ́n bá ń pín ẹran, egungun ni tiwọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ẹ̀gbẹ́ ààtàn ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n ní ẹni tí kò pa ènìyàn kò kú ikú ogun. Láwọyin, ọ̀gá wọn, eléèémí-bí-ìjì, ọkùnrin tí kàkàkí rẹ̀ ń dún dé oko ẹ̀yìn odò, ti sin àbúrò rẹ̀ síbẹ̀, láàárín ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èépo iṣu.

Ní òwúrọ̀ tí ọ̀tá gbé àkàbà ti odi, Balógun ránṣẹ́ pe àwọn afunkàkàkí sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n bá a tó ti di ẹrù, àwọn ẹrú sì ti rù ú.

"Láwọyin, ẹ gun orí odi, kí ẹ máa fun oríkì mi. Ẹ má dákẹ́ o."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni mo nílò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ!"

Fákúnlé, àgbà nínú wọn, tu itọ́ sílẹ̀. "Ó kúkú kó ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá. Kí ló wá kù fún wa, òórùn?"

Láwọyin yíjú sí wọn. "Ibi tí Balógun bá wà ni a ó ti fun ún. Ẹ jẹ́ ká sin Bàbá lọ."

Wọ́n tẹ̀ lé e jáde ní bodè ẹ̀yìn, wọ́n sì gbé kàkàkí sẹ́nu.

"Ẹ dákẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹkùn tí kì í sá, oríkì yín là ń kì," ni Fákúnlé dá a lóhùn. "Àbí kò dùn létí yín mọ́?"

Balógun fa idà yọ, ó sì ṣá bàbá arúgbó náà pa. Àwọn tó kù kò dákẹ́. Nígbà tí ọ̀tá gbọ́ kàkàkí lẹ́yìn odi, wọ́n gbà pé Balógun ti kó ogun yí wọn ká. Wọ́n ju àkàbà sílẹ̀, wọ́n sá, àwọn ọmọ ogun orí odi sì lé wọn kọjá odò. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá Láwọyin rò ó tẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olúgbódi dúró níwájú ọba, ó ní ẹ̀yìn lòun gbà yọ sí ọ̀tá. Àwọn tó rí ẹrù rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọba dá a lọ́lá, ó sì ní kí wọ́n lọ sin Fákúnlé síbi tí wọ́n ń sin irú rẹ̀ sí.

Láwọyin gbé òkú náà, tí wọ́n ti gbé wá sí ààfin, lé èjìká. "Kábíyèsí, ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí ṣì wà lára idà tí ẹ̀ ń yìn. Ohùn wa lẹ fi ń sùn, òun lẹ fi ń jí, ẹ kò sì lè fún wa ní ilẹ̀ tí a ó sùn sí. Ìlú yín ń rùn. Ó sú mi."

Ó jáde, àwọn afunkàkàkí tẹ̀ lé e, púpọ̀ nínú jagunjagun sì bá wọn lọ. Orí òkè kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé ni wọ́n sin Fákúnlé sí, ẹ̀gbẹ́ sàréè rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé àkọ́kọ́ sí. Òkè Fákúnlé ni wọ́n ń pe ìlú náà títí dòní. Níbẹ̀, bí afunkàkàkí bá kú, Balógun ni í bọ́ aṣọ oyè sílẹ̀, tí í gba ọkọ́, tí í gbẹ́ sàréè náà fúnra rẹ̀ lójú gbogbo ìlú.